Okùn Tí Mo Fọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ni wọ́n gbé Modúpẹ́ ìyàwó mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní Parakou. Agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìfun rẹ̀ ti ń yọ níbi ìdodo. Ọ̀já la fi ń dì í, torí ó ní òun ò lè pa iṣẹ́ òun tì. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi mí pé iṣẹ́ kí ni ìyàwó mi ń ṣe. Mo ní ọtí ló ń pọn. Ó béèrè bí ìkòkò rẹ̀ ṣe tóbi tó. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì títí wọn ò fi lè nà mọ́. Ó wò wọ́n, ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, Modúpẹ́ kò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju korobá omi kan lọ mọ́ láyé rẹ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Modúpẹ́ náà kì í sọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún la ti jọ ń gbé ní Tchaourou, bí a sì ṣe ń gbé e nìyẹn: ohun tí ẹnì kan bá mọ̀, ó gbà pé ẹnì kejì náà ti mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọtí ọkà bàbà ni Modúpẹ́ ń pọn, èyí tí à ń pè ní ṣukutú lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á rẹ ọkà, wọ́n á jẹ́ kó hu, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá sè é fún odidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló kù kí ọtí wú. Àgọ́ kan wà nínú ọgbà wa tó ti ń wú, obìnrin nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ẹsẹ̀ àwa ọkùnrin ń pin sí. Igbá ni tiwa. Bí ọtí bá ti tó mu, ẹni tó pọn ọ́n á bù ú, á kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú oníbàárà, kó tó gbé igbá náà fún un. Ẹnikẹ́ni kì í gba ọtí lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò ṣáájú. Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ ìyàwó mi kò ju ìyẹn lọ, mo sì rò pé ó tó.

Iṣẹ́ títún fírígò ṣe ni iṣẹ́ tèmi. Tonton Fírígò ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, bí ẹní ń sọ pé Bàbá Onífírígò. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó mọ̀wé kà, ní kíláàsì alẹ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, lórí bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí èmi àti ẹni tá a jọ jókòó sì ń gba ara wa ró kó má baà dà wá nù. Oṣù mọ́kàndínlógún ni mo fi lọ. N kò pa ju ọjọ́ mẹ́rin jẹ, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tí a sin ọmọ wa àkọ́kọ́. Nítorí náà, ohun tí mo bá kà nínú ìwé, mo máa ń gbà á gbọ́ ju ohun tí mo fi etí gbọ́ lọ. Mo jìyà kí n tó lè kà á.

Dókítà ní kí Modúpẹ́ má tíì kúrò ní Parakou fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dé sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, Ìrètí ọmọ wa sì dúró tì í. Èmi padà sílé. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Fírígò gíga kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbé. Mo pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mo yọ àwọn pẹpẹ inú rẹ̀. Ní Parakou, mo ti rí àgbá irin kan tó ń dán lọ́wọ́ onílé ọtí kan tó ti pa ilé ọtí rẹ̀ tì; mo dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù mi, mo gbé e wálé kó lè dúró sínú fírígò náà. Mo lu ihò méjì sí ara ilẹ̀kùn fírígò náà, mo ki róbínẹ̀ kan, irú èyí tí à ń yí kí omi tó yọ, bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Karimou tó ń jó irin mọ́ra ló bá mi jó ìdérí àgbá náà. Mùsùlùmí ni Karimou, kò fẹnu kan ọtí rí. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́, ó ní, "Tonton, èmi ò ní mu ún, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi á máa mu ún lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́run má ka ìyẹn sí mi lọ́rùn."

Bó ṣe máa ṣiṣẹ́ rèé. Ọtí tó wà láàyè máa ń mí. Bí wọ́n bá dé e pa, èémí rẹ̀ á máa wá ọ̀nà. Mo fẹ́ kí èémí yẹn máa ṣiṣẹ́ fún wa, kó máa ti ọtí gba inú ọ̀pá rọ́bà kan lọ sẹ́nu róbínẹ̀. Ìrètí tàbí ẹlòmíràn lè máa fi igbá bù ú sínú àgbá díẹ̀díẹ̀. Modúpẹ́ á kàn jókòó sórí àga, á yí róbínẹ̀, ọtí tútù á sì jáde. Kò ní bẹ̀rẹ̀, kò ní gbé ìkòkò mọ́. Mo yọ fálífù ìkòkò kan, irú èyí tó máa ń súfèé lórí iná, mo fi í sórí àgbá náà, kí èémí tó bá pọ̀ jù lè ríbi gbà, kí àgbá má baà bẹ́. Mo gé rọ́bà inú rẹ̀ kó má kan ìsàlẹ̀, kí ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga sílẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má baà bá ọtí jáde.

Dàda, àgbẹ̀ tó jẹ́ oníbàárà Modúpẹ́ láti ìgbà tí Modúpẹ́ ti dé ilé wa, máa ń dúró wò mí nígbà tó bá ń bọ̀ láti oko iṣu rẹ̀. Ó ní, "Tonton Fírígò, ṣé inú rẹ̀ lo fẹ́ kí ìyàwó rẹ máa sùn ni, àbí ìwọ?" Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ń dùn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú, torí òótọ́ ni.

Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ mi nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ ọtí tútù. Ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ pé gbogbo ohun tí ọtí bá máa fara kàn, kí wọ́n fi omi jafẹ́ẹ̀lì, oògùn apakòkòrò tó ń sọ aṣọ di funfun, fọ̀ ọ́, torí ìdọ̀tí tí ojú kò rí ló ń ba ọtí jẹ́. Mo kọ gbólóhùn náà sínú ìwé mi, mo fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Mo fọ àgbá, mo fọ rọ́bà, mo fọ róbínẹ̀. Ìgbà tí mo parí ni mo wá rò ó pé, àwọn ohun èlò inú àgọ́ ńkọ́? Kí ni àǹfààní àgbá tó mọ́, bí igbá àti ìkòkò tó dọ̀tí bá ń bù sínú rẹ̀?

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, mo wọ àgọ́ ìpọntí fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo kó ìkòkò jáde, mo kó asẹ́ jáde, mo kó igbá jáde. Lẹ́yìn náà ni mo rí okùn kan tó so rọ̀ lórí èèkàn lókè ààrò. Mo ti máa ń rí i látẹnu ọ̀nà tipẹ́, mo rò pé òun ni Modúpẹ́ fi ń di ẹnu ìkòkò. Okùn èèpo igi ni, onífọ́nrán mẹ́ta, tí wọ́n hun bí ẹní di irun, gígùn rẹ̀ tó apá kan. Ó dúdú, ó le, nǹkan gbígbẹ bí èépá sì bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀: ó kan. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìdọ̀tí tí ìwé náà ń wí rèé.

Mo rẹ ẹ́ sínú omi jafẹ́ẹ̀lì títí di ọjọ́ kejì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń ha ìpatà fọ̀ ọ́, mo tú fọ́nrán rẹ̀ kí omi lè wọ àárín rẹ̀, mo tún un hun padà. Omi mẹ́ta ni mo pààrọ̀. Èyí àkọ́kọ́ dú bí kọfí, èkejì pọ́n, ẹ̀kẹta mọ́. Mo sá okùn náà sórí ọgbà. Ó funfun.

Modúpẹ́ àti Ìrètí dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan wà níkùn. Nígbà tó rí fírígò náà lábẹ́ òrùlé wa, tó rí róbínẹ̀ méjèèjì lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ojú abẹ fi ń dùn ún. Ó yí róbínẹ̀ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Bàbá Ìrètí," ó ní, "ẹ ti sọ mí di ọ̀gá." Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ló wọ inú àgọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, okùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ìrètí, ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni. Ó dọ̀tí púpọ̀."

Ó gbé e súnmọ́ imú. Ó béèrè ohun tí mo fi fọ̀ ọ́, mo sọ fún un. Ó béèrè bóyá mo tú u, mo ní mo tú u. Mo sọ ti omi mẹ́ta náà fún un, mo ṣì rò pé ó máa yìn mí. Ó wá ibi jókòó, ó jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, kò sì wò mí.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ó ní okùn yẹn ló ń mú ọtí wú. Bí ọtí bá ń wú, wọ́n á ri okùn náà sínú rẹ̀, á mu ìfófòó rẹ̀ sára. Wọ́n á gbé e kọ́ sínú èéfín kó gbẹ. Bí wọ́n bá sì pọn òmíràn, wọ́n á tún rì í síbẹ̀. Ohun tó wà láàyè nínú ọtí, inú okùn ló ń sùn sí. Ìyá rẹ̀ ní Alafiarou gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, ìyẹn náà gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ á gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un, ọmọ náà á wá máa fi okùn tuntun hun ún gùn. Ọjọ́ tí Modúpẹ́ wọlé mi, ó gbé e wá nínú àpótí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mọ́kànlá.

Ìgbéyàwó Ìrètí ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá. Ará Ṣábẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìyókù fún mi.

"O ò sọ fún mi rí," mo ní.

"Ẹ ò bi mí rí," ó ní.

Ó ní bóyá ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú àárín fọ́nrán. Wọ́n pọntí lọ́sẹ̀ yẹn, Ìrètí ló ń gbé gbogbo ohun tó wúwo. Modúpẹ́ fi ìka tọ́ ọtí náà wò títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ri okùn náà síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹní ń wẹ ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kejì wọ́n bù ú sínú àgbá, mo dé e pa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún, àwọn oníbàárà dé láti wo fírígò Tonton. Dàda gbé igbá tirẹ̀ wá láti ilé. Mo ti gbọ́ ohun tí kò yẹ kí n gbọ́: ìdákẹ́jẹ́. Fálífù náà kò súfèé rárá láti òwúrọ̀. Mo ṣì yí róbínẹ̀. Ó kán lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró. Mo yí èkejì, kò tilẹ̀ kán. Ẹ̀rọ náà kò ní àbùkù kankan. Kò sí ohun tó ń mí nínú rẹ̀ ni.

Modúpẹ́ na ìka sí ohun tó kán yẹn, ó lá a. Ó ní, "Ó dùn bí ẹ̀kọ ọmọdé. Kò wú."

Dàda, tó fẹ́ gbà mí sílẹ̀, ní, "Tonton Fírígò, àbí òtútù ló mú un?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ gbé igbá rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó kí wa, ó lọ.

Ọjọ́ kejì mo gun alùpùpù mi lọ sí Kika. Ẹ̀gbọ́n Modúpẹ́ wà níbẹ̀, Rafiatou ni orúkọ tí wọ́n ń pè é láti ìgbà tó ti di Mùsùlùmí nílé ọkọ. Ìyá wọn gé okùn fún òun náà. Ó fi omi àti àga lọ̀ mí, ó gbọ́ mi tán, ó wá sọ pé òun ju okùn òun sínú iná ní ọ̀sẹ̀ tí òun dé ibẹ̀, torí ìyá ọkọ òun kò fẹ́ òórùn ọtí nínú ilé. Ó ní òun ò kábàámọ̀ ọ̀nà tí òun gbà. Ṣùgbọ́n ó sin mí dé ìdí alùpùpù mi, ó di ọwọ́ alùpùpù náà mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ó ní, "Èmi gbọ́kàn lé e pé ti àbúrò mi wà."

Modúpẹ́ rántí pé ìyá àwọn yá obìnrin kan ní Bétérou ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí, tí òun náà ń mú ọtí wú, nígbà kan tí ti ìyẹn bà jẹ́. Mo lọ sí Bétérou. Ọ̀nà náà bàjẹ́ púpọ̀, mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, orúnkún mi ọ̀tún ya. Obìnrin náà ti kú nígbà òjò tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ tó ń pọntí báyìí fi páálí kékeré kan hàn mí, lẹ́fúùrù tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń mú ìyẹ̀fun wú. Ó ní, "Tonton, ta ló tún kù tó ń tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀? Èyí yá jù." Ó fún mi ní páálí kan kí n mú un lọ fún ìyàwó mi. Mo fi í sínú àpò, mo gbé e wálé, torí mi ò lè dé lọ́wọ́ òfo.

Modúpẹ́ wo páálí náà. Kò bú mi. Láti ọjọ́ tó ti dé títí di òní, kò bú mi. Bó bá bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan gbé.

Ó fi lẹ́fúùrù náà pọntí, nítorí a gbọ́dọ̀ jẹun. Ọtí náà wú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí a bù ú sínú àgbá, fálífù súfèé títí àwọn ọmọdé fi ń sín in jẹ. Àwọn ènìyàn tún wá, wọ́n pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Modúpẹ́ jókòó sórí àga tí mo kàn fún un. Ó yí róbínẹ̀, ọtí sì jáde, tútù, pupa rẹ́súrẹ́sú, pẹ̀lú ìfófòó lórí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò ó gẹ́lẹ́. Igbá kún. Gbogbo ènìyàn ń wò ó kó kọ́kọ́ mu.

Ó na igbá náà sí mi.

"Bàbá Ìrètí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò fún wọn."

"Èmi kọ́ ni mo pọn ọ́n," mo ní.

"Èmi náà kọ́," ó ní.

Mo mu ún. Ó dára. Dàda gba igbá lẹ́yìn mi, ó mu, ó ní ó tutù dé egungun, ó yìn mí, gbogbo wọn yìn mí. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń tọ́ ọ wò. Modúpẹ́ máa ń pè mí láti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń nu ọwọ́ mi, mo máa ń wá.

Ọjọ́ ìgbéyàwó dé. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àti oúnjẹ, nígbà tí wọ́n ti di ẹrù Ìrètí mọ́ orí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣábẹ̀, Modúpẹ́ pè é wọ inú àgọ́. Mo dúró níbi tí ẹsẹ̀ mi ń pin sí, ní ẹnu ọ̀nà. Ó sọ okùn náà kalẹ̀ láti orí èèkàn. Ó fi ọ̀bẹ gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó fi òwú di ẹnu rẹ̀ kó má baà tú, ó fi aṣọ wé e. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe fún un ló ṣe, kò fo ọ̀kan.

Ìrètí mọ̀ pé okùn náà ti kú. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Lẹ́yìn náà ló gbé e súnmọ́ imú, bóyá láìrò ó.

"Màmá," ó ní, "ó ń run jafẹ́ẹ̀lì."

"Gbé e kọ́ síbi tí èéfín ti lè bà á," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọjọ́ tí òórùn yẹn bá kúrò, kó o sọ fún mi."

Ìrètí ń pè wá lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n á sọ̀rọ̀ oyún tó ní báyìí, wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú abẹ ìyá rẹ̀. Modúpẹ́ kì í béèrè nípa okùn náà. Nígbà tó bá gbé fóònù fún mi, èmi ni mo máa ń béèrè, ní ohùn kékeré.

Ó ní ó ṣì ń run jafẹ́ẹ̀lì.